Kọ́sọ̀ Lórí Àwòrán Inú Ìlà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kọ́sọ̀ ni àmì tó ń fi ibi tí à ń kọ nǹkan sí hàn. Emacs, ẹ́dítọ̀ tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ àti kóòdù, ni èyí tó pọ̀ jù nínú ojú ìwé yìí dá lé, nítorí òun ni àwọn èèyàn ń béèrè nípa rẹ̀ jù, òun náà ló sì ń jẹ́ kéèyàn rí ìdí ohun tó ń ṣe. Níbi tí búráúsà tàbí ẹ́dítọ̀ mìíràn bá ti ní ìwà tirẹ̀, a ó sọ ọ́.

Kí là ń pè ní àwòrán inú ìlà?

Àwòrán tó jókòó sáàárín ọ̀rọ̀ bí ẹni pé lẹ́tà lòun náà ni. Bí ẹ bá kọ nǹkan síwájú rẹ̀, yóò sún. Bí ìlà bá kún, yóò bọ́ sí ìlà kejì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Microsoft Word ní irú rẹ̀, LibreOffice Writer náà sì ń jẹ́ kéèyàn so àwòrán mọ́ ọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà. Àwòrán tó dá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìwé, tí ọ̀rọ̀ ń yí po, kò sí nínú ohun tí à ń sọ níbí.

GNU Emacs bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán hàn sáàárín ọ̀rọ̀ ní ẹ̀dà 21, tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2001, lẹ́yìn tí Gerd Möllmann tún apá tó ń ya ọ̀rọ̀ sójú kọ̀ǹpútà kọ. Ọ̀rọ̀ lásán ló ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Àwòrán náà dà bí aṣọ tí a dà bo lẹ́tà kan, tàbí lẹ́tà púpọ̀, nípa ohun tí Emacs ń pè ní `display`. Ẹni tó bá ti mọ èyí ti mọ ìdáhùn ìdajì àwọn ìbéèrè tó kù.

Bí kọ́sọ̀ bá wà lórí àwòrán, ibo ni ohun tí mo bá tẹ̀ máa bọ́ sí?

Sí iwájú àwòrán náà, ìyẹn ní apá òsì rẹ̀. Nínú Emacs, ojú ibi tí ọ̀rọ̀ máa wọ̀ wà láàárín lẹ́tà méjì, lẹ́tà tó tẹ̀ lé ojú ibẹ̀ ni kọ́sọ̀ sì máa ń gbé lé. Nítorí náà, àpótí tó yí àwòrán ká túmọ̀ sí pé àwòrán náà ló kàn. Ẹ tẹ `C-f` (Ctrl àti f pọ̀) tàbí àmì ọfà ọ̀tún lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó bọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Kí ló dé tí kọ́sọ̀ mi tó kún bámúbámú fi ń di àpótí òfìfo lórí àwòrán?

Emacs ló mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Àpótí tó kún máa ń bo lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀, Emacs á wá tún lẹ́tà náà yà ní àwọ̀ mìíràn kó lè ṣeé kà. Àwòrán kò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Bí àwòrán ìyàwó àti ọkọ bá fẹ̀ ní píksẹ́lì 600, tí kọ́sọ̀ dé orí rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ di pátákó dúdú kan, ta ni yóò gbà pé ẹ́dítọ̀ náà kò bà jẹ́? Àwọn tó kọ ọ́ sọ ọ́ nínú kóòdù náà gan-an pé àpótí tó kún lórí àwòrán ńlá máa ń bí èèyàn nínú.

Òfin tó ń tẹ̀ lé rèé. Bí àwòrán kò bá ní apá kankan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń hàn, àpótí òfìfo ni. Bí ó bá ní irú apá bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tó tóbi ju lẹ́tà kan lọ nínú fọ́ǹtì yín, àpótí òfìfo náà ni. Àwòrán kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń hàn nìkan, irú àmì tín-ín-tìn-ín tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fáìlì, ló máa ń gba àpótí tó kún, nítorí àwọ̀ kọ́sọ̀ máa hàn láti ẹ̀yìn àmì náà láìbò ó.

Ṣé mo lè yí ìwọ̀n yẹn padà?

Ẹ lè yí i padà. Dípò kí ẹ fi `box` nìkan sínú `cursor-type`, ètò tó ń yan irú kọ́sọ̀, ẹ fi `(box . 32)` síbẹ̀, fún àpẹẹrẹ. Èyí ń sọ fún Emacs pé kó fi àpótí tó kún sílẹ̀ títí àwòrán tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń hàn yóò fi ju píksẹ́lì 32 lọ, ì báà jẹ́ ní fífẹ̀ tàbí ní gíga. Fún àwọn tó ń lo àmì ńláńlá lórí sikiríìnì tó mọ́lẹ̀ kedere, ó wúlò gan-an.

Kò ní ṣiṣẹ́ fún fọ́tò JPEG, ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú ẹ̀. Fọ́tò JPEG kò ní apá tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń hàn. Bí ẹ kò bá dá àwòrán kan lójú, `image-mask-p` yóò sọ fún yín bóyá ó ní irú apá bẹ́ẹ̀.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo yàn fún kọ́sọ̀ mi. Kí ló dé tó fi ń di àpótí?

Nítorí pé oríṣi méjì péré ni Emacs mọ̀ ọ́n yà lórí àwòrán: àpótí tó kún àti àpótí òfìfo. Bí ẹ bá yan igi tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí ìlà tó ń sùn sábẹ́ lẹ́tà, tó bá ti dé orí àwòrán, ó di àpótí òfìfo, láìka bí àwòrán náà ṣe tóbi tó sí. Kò sí ètò kankan tí ẹ lè yí láti mú igi náà padà. Nígbà tí kọ́sọ̀ bá kúrò lórí àwòrán, igi yín yóò padà wá.

Ní tèmi, mi ò rí i bí àṣìṣe. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan lápá òsì fọ́tò ńlá kò ní sọ fún ojú pé fọ́tò náà ni bọ́tìnnì Delete máa gbé lọ. Àpótí ń sọ ọ́.

Mi ò rí kọ́sọ̀ rárá lórí àwòrán mi. Ṣé ó ti sọnù ni?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má wà nínú ọ̀rọ̀ rárá. Bí ẹ bá ṣí fáìlì àwòrán fúnra rẹ̀, Emacs yóò bọ́ sí `image-mode`, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń pa kọ́sọ̀ mọ́ pátápátá. Ohun tí ẹ ń wò níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń kọ nǹkan sí.

Bí ẹ bá wà nínú ọ̀rọ̀ lóòótọ́, àwọ̀ ló máa ń fà á. Etí àpótí òfìfo tẹ́ẹ́rẹ́ gan-an ni. Bí kọ́sọ̀ yín bá dúdú, tí etí àwòrán náà sì dúdú, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun méjì ló ń ràn wá lọ́wọ́. Ẹ fi `set-cursor-color` yan àwọ̀ tí kì í sábà sí nínú fọ́tò. Tàbí kí ẹ fi `:margin 3` sí ara àwòrán náà: àyè náà jẹ́ ara ìwọ̀n àwòrán lójú Emacs, nítorí náà àpótí yóò yí àyè náà po, kò ní lẹ̀ mọ́ fọ́tò mọ́. Èmi fara mọ́ ọ̀nà kejì yìí jù, torí kò sí àwọ̀ kan tí fọ́tò kò lè ní.

Ẹ tún rántí pé kọ́sọ̀ máa ń ṣẹ́jú. Bí ètò Emacs ṣe wà láti ilé, ó máa ń ṣẹ́jú nígbà 10, lẹ́yìn náà yóò dúró, kò ní ṣẹ́jú mọ́ títí ẹ ó fi tẹ nǹkan. Ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ tó pariwo.

Èé ṣe tí wọn kò kàn yí àwọ̀ píksẹ́lì padà níbi tí kọ́sọ̀ bá wà, kí dúdú di funfun?

Windows ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Kọ́sọ̀ tí ètò ìgbékalẹ̀ Windows fúnra rẹ̀ ń yà, èyí tí `CreateCaret` ń dá, máa ń yí gbogbo píksẹ́lì abẹ́ rẹ̀ padà sí òdìkejì. Lórí bébà funfun, ó di dúdú. Lórí dúdú, ó di funfun. Ọgbọ́n ńlá ni, nítorí kò sí ìdí láti béèrè àwọ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọ̀ eérú ni ọgbọ́n náà ti já. Kọ̀ǹpútà ń ka ìmọ́lẹ̀ píksẹ́lì láti 0 dé 255, òdìkejì 128 sì ni 127. Ojú èèyàn kò lè rí ìyàtọ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ fọ́tò ló sì kún fún àwọ̀ àárín bẹ́ẹ̀: ara ògiri, ọ̀dà títì, òjìji abẹ́ igi. Lórí lẹ́tà, ọgbọ́n yìí dára. Lórí fọ́tò, kọ́sọ̀ yóò hàn lápá kan, yóò sọnù lápá kejì. Ààlà tó yí àwòrán po kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀, ó kéré tán kò nílò láti bá inú fọ́tò jà.

Nínú Chrome, kọ́sọ̀ ga tó àwòrán fúnra rẹ̀. Ṣé kò sí àṣìṣe níbẹ̀?

Kò sí. Nínú búráúsà, kọ́sọ̀ kì í gun orí àwòrán. Iwájú tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ń dúró sí. Chrome àti Safari máa ń fún kọ́sọ̀ ní gíga àwòrán tó dúró tì, bí àwòrán náà bá ga ju fọ́ǹtì lọ. Bí àwòrán bá kéré ju fọ́ǹtì lọ, gíga fọ́ǹtì ni yóò lò, kí kọ́sọ̀ má baà kéré débi tí a kò ní rí i.

Ìwà kan náà ni àwọn méjèèjì ní nítorí ilé kan náà ni wọ́n ti jáde: Blink, ohun tí Chrome fi ń ya ojú ìwé, yà kúrò lára WebKit ti Safari ní ọdún 2013. Ìtàn àṣìṣe àtijọ́ kan wà lẹ́yìn òfin yìí: ẹni tó bá pa gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ́ lè rí kọ́sọ̀ tó ga tó fèrèsé látòkè délẹ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n fi sọ pé àwòrán àti àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan ló lè fa kọ́sọ̀ gùn.

Mo tẹ àwòrán ní búráúsà, kọ́sọ̀ pòórá, ààlà búlúù sì yí àwòrán ká. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ẹ ti mú àwòrán náà, kì í ṣe pé ẹ dúró tì í. Àwọn ẹ́dítọ̀ orí búráúsà bíi ProseMirror àti CKEditor 5 ya ohun méjì yìí sọ́tọ̀: dídúró láàárín lẹ́tà, àti mímú ohun kan lódindi. ProseMirror máa ń fi ààlà píksẹ́lì 2 aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ yí ohun tí ẹ mú ká, kò sì sí kọ́sọ̀ tó ń ṣẹ́jú ní gbogbo àsìkò yẹn.

Ẹ ṣọ́ra níbí. Ààlà yìí jọ àpótí òfìfo ti Emacs, ṣùgbọ́n wọn kò túmọ̀ sí ohun kan náà. Ní Emacs, bí ẹ bá tẹ lẹ́tà, ó bọ́ síwájú àwòrán. Ní ProseMirror, lẹ́tà yẹn gba ipò àwòrán, àwòrán sì lọ. Ẹni tó ń ti ọ̀kan bọ́ sí èkejì láàárín ọjọ́ kan náà yóò fi àwòrán ṣòfò dáadáa kí ọwọ́ rẹ̀ tó mọ̀ ọ́n. Ẹ tẹ ọfà òsì tàbí ọ̀tún kí ẹ tó kọ nǹkan, ààlà yóò lọ, kọ́sọ̀ yóò sì padà.

Ìlà kékeré kan ń ṣẹ́jú ní ìbú láàárín àwòrán méjì. Kí nìyẹn?

Kọ́sọ̀ ni òun náà. Nígbà míì, kò sí lẹ́tà kankan láàárín àwòrán ńlá méjì tí kọ́sọ̀ lásán lè dúró sí. ProseMirror ní àfikún kan fún èyí, `gapcursor`, tó máa ń ya ìlà tó sùn, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 20. Ẹ kàn máa kọ ọ̀rọ̀ yín. Ìpínrọ̀ tuntun yóò ṣí níbẹ̀.

Mo tẹ Backspace lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn àwòrán nínú Org (ètò ìkọ̀wé tó wà nínú Emacs), àwòrán lọ, ìdọ̀tí ọ̀rọ̀ ló kù. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ tẹ `]` padà síbi tó wà. Ẹ wá tẹ `C-c C-x C-v` láti gbé àwòrán sókè. Bí àwọn àwòrán yòókù bá ṣì wà lójú, yóò kọ́kọ́ pa wọ́n mọ́, ẹ tún un tẹ̀.

Nínú Org, àwòrán bo odindi ìjápọ̀ kan, láti `[[` títí dé `]]`. Emacs kì í jẹ́ kí kọ́sọ̀ dúró sáàárín ọ̀rọ̀ tí àwòrán bò: bí àṣẹ kan bá gbé e dé inú ibẹ̀, yóò tì í sí etí. Ìdí nìyẹn tó fi dà bíi pé ẹ fo àwòrán kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà ogójì ni ẹ fò. Ṣùgbọ́n Backspace kò mọ àwòrán. Lẹ́tà kan ló ń pa, `]` tó gbẹ̀yìn sì ni lẹ́tà yẹn. Bí ìjápọ̀ bá ti yí padà, Org yóò ká àwòrán kúrò, ohun tó wà lábẹ́ yóò sì hàn.

Ohun tí mo máa ń gba àwọn èèyàn níyànjú ni pé kí wọ́n tẹ `C-u C-x =` nígbà tí kọ́sọ̀ bá wà lórí àwòrán. Emacs yóò sọ lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, yóò sì sọ ohun tó bò ó. Àwòrán tí `insert-image` fi sílẹ̀ sábà máa ń wà lórí àlàfo kan ṣoṣo, èyí tí Backspace kan lè gbé lọ láìsí ariwo.

Ṣé ọ̀rọ̀ yìí kan àmì ohùn Yorùbá?

Ó kàn án, àmọ́ ní òdìkejì. Kò sí kóòdù ẹyọ kan fún `ẹ̀` nínú Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. `ẹ` ni, U+1EB9, tí a fi àmì ohùn ìsàlẹ̀, U+0300, lé. Ohun méjì nínú fáìlì, àwòrán lẹ́tà kan lójú. Kọ́sọ̀ Emacs yóò bo méjèèjì pọ̀, ọfà yóò sì fò wọ́n pọ̀.

Pípa wọn rẹ́ ni ìyàtọ̀ wà. Bọ́tìnnì Delete yóò gbé lẹ́tà àti àmì rẹ̀ lọ pọ̀. Backspace yóò gbé àmì ohùn nìkan, `ẹ` yóò kù. Àwọn tó ń tẹ Yorùbá fẹ́ràn èyí, nítorí ohùn la máa ń ṣì jù, kì í ṣe lẹ́tà.

Mo fi àwòrán kan náà sí ẹgbẹ́ ara wọn lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ṣoṣo ni mo rí, kọ́sọ̀ kan ló sì yí i ká. Ibo ni èkejì wà?

Ó wà níbẹ̀. Bí lẹ́tà méjì tó tẹ̀ lé ara wọn bá ní `display` tó jẹ́ ohun kan náà gan-an nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, Emacs kà wọ́n sí ibì kan, ó ya àwòrán kan bo méjèèjì. Kí wọ́n jọra kò tó fún un láti dà wọ́n pọ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà ní ti `eq`, ìdánwò tó ń wò bóyá ohun méjì jẹ́ ohun kan ṣoṣo.

`insert-image` mọ̀ nípa èyí, ó sì máa ń dá `display` tuntun fún àwòrán nígbà kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà dàpọ̀. Bí ẹ bá da àwòrán kọ, tí ẹ lẹ ẹ̀dà náà mọ́ ẹ̀gbẹ́ àwòrán tí ẹ dà á kọ lára rẹ̀, ààbò yẹn ti lọ. Ẹ fi àlàfo kan sáàárín wọn.

Bí mo bá dé orí àwòrán gígùn, ojú ìwé fò lójijì. Ṣé ó ní ìwòsàn?

Àwòrán inú ìlà ń mú kí ìlà náà ga tó òun. Ìlà kan tó ga ju fèrèsé lọ ṣòro fún ẹ́dítọ̀ tó ń fi ìlà ka ọ̀nà, torí kọ́sọ̀ gbọ́dọ̀ wà lójú. Emacs 29, tó jáde ní oṣù keje ọdún 2023, mú `pixel-scroll-precision-mode` wá, èyí tó ń jẹ́ kí ojú ìwé máa yọ́ lọ ní píksẹ́lì sí píksẹ́lì bí ẹ bá ń fi máòsì yí i. Ó tu ọ̀pọ̀ èèyàn lára.

Bí ẹ̀yin lẹ ń kọ kóòdù tó ń fi àwòrán hàn, ẹ lo `insert-sliced-image`. Yóò gé àwòrán sí ọ̀pá ọ̀pá, ọ̀kọ̀ọ̀kan lórí ìlà tirẹ̀. Kọ́sọ̀ yóò wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àpótí òfìfo yóò sì yí ègé kan ká lẹ́ẹ̀kan. Kò lẹ́wà, ẹni tó bá sì pa ègé kan rẹ́ yóò fọ́ àwòrán sí méjì, ṣùgbọ́n fún ohun tí à ń kà lásán, ó dára.

Mo da àwòrán kọ, mo lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn, àpótí kékeré tí wọ́n kọ OBJ sí ló jáde. Kí ló dé?

U+FFFC nìyẹn, kóòdù tí Unicode yà sọ́tọ̀ láti dúró fún ohun tí kì í ṣe lẹ́tà. Ètò ọ̀rọ̀ ti Apple, ti Qt àti ti GTK (irinṣẹ́ méjì tí a fi ń kọ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà) ló ń lò ó lábẹ́ àwòrán kí kọ́sọ̀ lè rí ohun fò. Bí ẹ bá da ọ̀rọ̀ náà kọ sí ibi tí kò gba àwòrán, àwòrán yóò jábọ́, ohun tó dúró fún un yóò kù.

Ẹni tó ń kọ ẹ̀rọ pẹ̀lú GTK ní láti mọ ìyàtọ̀ kan: `gtk_text_buffer_get_slice` yóò dá U+FFFC padà, `gtk_text_buffer_get_text` kò ní dá a padà. Bí ẹ bá fi èkejì ka ibi tí kọ́sọ̀ wà, àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ṣáájú yóò yẹ̀ yín ní ìgbésẹ̀ kan. Quill, ẹ́dítọ̀ orí búráúsà kan, gba ọ̀nà mìíràn: ó máa ń fi U+FEFF, àlàfo tí kò ní fífẹ̀, sí iwájú àti ẹ̀yìn ohun tó wà nínú ìlà, kí kọ́sọ̀ búráúsà lè rí ibi dúró.

Fèrèsé méjì ni mo ṣí sórí ìwé kan náà, àpótí òfìfo wà lórí àwòrán nínú méjèèjì. Èwo ni mo wà?

Ìbéèrè tó dára. Ní ọ̀rọ̀ lásán, àpótí tó kún ni fèrèsé tí ẹ wà, òfìfo ni èkejì. Bí `cursor-in-non-selected-windows` ṣe wà láti ilé nìyẹn. Lórí àwòrán, àmì ìyàtọ̀ yẹn pa rẹ́, nítorí méjèèjì ló di òfìfo.

Ẹ lè sọ `cursor-in-non-selected-windows` di `nil`, kí fèrèsé tí ẹ kò sí má fi kọ́sọ̀ hàn rárá. Tàbí kí ẹ wo ìlà ìsàlẹ̀ fèrèsé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fún `mode-line-inactive` ní àwọ̀ tó rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa.

Ẹ̀rọ tí mo kọ fi àwòrán hàn pẹ̀lú `before-string`, kọ́sọ̀ sì kọ̀ láti gun orí àwòrán. Báwo ni mo ṣe lè mú un?

`put-image` náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwòrán tó wà nínú `before-string` tàbí `after-string`, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí Emacs ń fi hàn lójú láìkọ ọ́ sínú ìwé, kò sí lórí lẹ́tà kankan nínú ìwé, torí náà kò sí ibi tí kọ́sọ̀ máa gùn. Lẹ́tà gidi tó tẹ̀ lé e ni yóò lọ bá. Ẹ fi ohun-ìní `cursor` sí ara lẹ́tà inú okùn ọ̀rọ̀ náà tí ẹ fẹ́ kó gbé lé, ẹ fún un ní `t`, Emacs yóò ya kọ́sọ̀ síbẹ̀ nígbà tí ojú ìkọ̀wé bá wà níbi tí okùn náà ti hàn.

Èyí yí ibi tí kọ́sọ̀ ti hàn padà nìkan. Bí ẹ bá tẹ Delete, lẹ́tà gidi tó tẹ̀ lé e ni yóò lọ, àwòrán yóò sì dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí àwòrán ṣeé pa rẹ́ bíi lẹ́tà, ẹ fi `insert-image` fi í sínú ìwé.